Ọyẹ́ Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó: Èrò Mi Lórí Kíkọ́ Àwòrán Ilẹ̀ ní Ede

Ẹnu ọmọdé kì í ṣáájú ẹnu àgbà níbi ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìgboyà láti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú yín nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Kì í ṣe lórí gírámà, kì í sì í ṣe lórí ewì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwòrán ni. Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn.

Irú àwòrán tí mo ní lọ́kàn ni àwòrán ilẹ̀ àti ìlú nígbà tí owúsúwusù bá bò wọ́n. Igi tó wà nítòsí hàn kedere. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Òkè tó wà lẹ́yìn pátápátá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ojú ọ̀run. Ènìyàn kan tàbí méjì ń kọjá lọ láàárín rẹ̀, a kò rí ojú wọn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n. Àwọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í dán, kì í sì í kọ mọ̀nà. Àwọ̀ eérú ni, àwọ̀ amọ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ, àwọ̀ aró tó ti ṣá. N ó máa pè wọ́n ní àwọ̀ tútù nínú àròkọ yìí, nítorí pé wọ́n ń tu ojú lára.

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé irú àwòrán yìí kì í ṣe tiwa. Wọ́n ní ti òyìnbó ni, nítorí pé ilẹ̀ wọn tutù, òòrùn wọn kò sì lágbára. Wọ́n ní bí àwòrán bá máa jẹ́ ti Yorùbá, ó gbọ́dọ̀ pọ́n, ó gbọ́dọ̀ tàn, kí ẹni tó wà lókèèrè tó dé ibẹ̀ ó ti rí i. Èmi lòdì sí èrò yìí. Èrò tèmi ni pé ọyẹ́ wa, amọ̀ wa, àti ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ohun tó kù ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọ, kí a sì fi Yorùbá sọ ọ́. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó pàdánù ọ̀rọ̀, a ó sì pàdánù ojú tí a fi ń wo ilẹ̀ wa.

Ta ló ni owúsúwusù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa àti ohun tí a ń wò kì í ṣe òfìfo. Omi wínníwínní wà nínú rẹ̀, eruku sì wà nínú rẹ̀. Bí ohun náà bá ṣe jìnnà tó ni eruku àti omi yìí ṣe ń pọ̀ tó láàárín òun àti ojú wa. Wọ́n á máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, ibi tó dúdú lára ohun náà kò ní dúdú tó mọ́, ibi tó funfun kò ní funfun tó mọ́, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jọ ojú ọ̀run. Leonardo da Vinci, ọmọ Ítálì tó gbé ayé láti 1452 sí 1519, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì sọ pé ohun tó jìnnà a máa fara jọ aró. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí irínwó ọdún kí a tó bí i ni àwọn ayàwòrán Ṣáínà, bíi Guo Xi, ti ń fi tàdáwà dúdú ya òkè tí owúsúwusù bò. Lẹ́yìn wọn ni Turner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1775–1851), àti Corot ní ilẹ̀ Faransé (1796–1875), ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ eérú, tó sì máa ń fi ènìyàn kékeré kan tàbí méjì sí abẹ́ igi.

Ẹ kíyè sí i pé ará Ṣáínà kò yá owúsúwusù lọ́wọ́ ará Ítálì. Ojú ọjọ́ ìlú wọn ni wọ́n wò. Kò sí ẹni tó ni owúsúwusù, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tó ni òjò.

Ní ilẹ̀ tiwa, Àìná Onàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ló ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ àwòrán ti ìgbàlódé. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Nígbà tó padà dé ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní “Mr. Perspective”. Iṣẹ́ ribiribi ni bàbá yìí ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ inagijẹ náà gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí kò tíì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ (1916–1972), ya ìtàn àti ìgbé ayé wa. Yusuf Grillo (1934–2021) fi àwọ̀ aró ya ènìyàn títí a fi ń fi àwọ̀ náà dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Kọ́ládé Òṣínówò, tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Yábàá, ya ọjà àti èrò inú rẹ̀. Abáyọ̀mí Barber, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ (1928–2021), kó àwọn ọmọ-iṣẹ́ jọ ní Yunifásítì Èkó ní àwọn ọdún 1970. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí òun àti wọn yà, owúsúwusù pọ̀, òkúta tàbí igi sì lè di ojú ènìyàn bí a bá tẹjú mọ́ ọn. Ǹjẹ́ a lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe Yorùbá?

Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ní Ede

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá sí Ede láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kejì. Àsìkò ọyẹ́ ni. Eruku tó ń bá ọyẹ́ wá kì í ṣe eruku ìlú wa nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti aṣálẹ̀ wá, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ìgbà láéláé. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e rìn gba orí ilẹ̀ Haúsá kọjá, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, tí yóò bà lé páànù ilé àti ewé ìrókò.

Ìlú tí Tìmì Àgbàlé ọlọ́fà iná tẹ̀dó yìí kò jìnnà sí odò Ọ̀ṣun, ojú irin tó ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Òṣogbo. Ní ìdájí ọyẹ́, ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ojú irin náà yóò rí i ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn èyí irin á wọ inú owúsúwusù lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ayé parí sí. Páànù tó ti dípẹtà kò pọ́n mọ́, ó ti di rúsúrúsú. Ewé kò tutù yọ̀yọ̀ mọ́, eruku ti bò ó. Gogoro mọ́ṣáláṣí hàn fírífírí. Obìnrin tó ru igbá lọ sọ́jà kọjá. Kí o tó mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n, ó ti di òjìji. Bí oòrùn bá yọ, a lè tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo òṣùpá.

Kí ni Corot rí ní ilẹ̀ Faransé tí kò sí níbí? Lóòótọ́, bí òjò bá dé, Ede a tutù minijọ, ilẹ̀ rẹ̀ a sì pọ́n. N kò sọ pé kí a má ya ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú ọdún kan náà ni ìlú wa ń wọ oríṣi aṣọ méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni a sì ń yà.

Àwọ̀ mẹ́ta tí àwọn àgbà fi sílẹ̀

Láti ìsinmi ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ede tó ń fi kíkọ pátákó ṣọ́ọ̀bù jẹun, tó sì ń ya àwòrán tirẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kò lọ sí yunifásítì. Yorùbá ló fi ń kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì tíì rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọ́n ọn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kó gbogbo ọ̀dà kúrò níwájú mi, ó fi mẹ́ta péré sílẹ̀: funfun, pupa aláwọ̀ amọ̀, àti búlúù tó dúdú bí aró. Ó ní, “Àwọn mẹ́ta yìí tó ọ jẹun. Ìgbà tó o bá mọ̀ wọ́n tán, wá béèrè ìkẹrin.”

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní kíláàsì pé àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá fi ń pín gbogbo àwọ̀ tó wà láyé: funfun, pupa, àti dúdú. Ẹfun wà lábẹ́ funfun. Osùn àti amọ̀ wà lábẹ́ pupa. Aró, èédú àti ewé tútù wà lábẹ́ dúdú. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé àìní ọ̀rọ̀ ló fà á. Àwọn òyìnbó kan náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ ọ̀dà. Bí mo bá po pupa amọ̀ mọ́ aró ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á pa iná ara wọn, wọ́n á di dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èédú. Bí mo bá bu funfun sí i, ó di eérú. Bí aró bá fi díẹ̀ ju amọ̀ lọ, ó di àwọ̀ ojú ọ̀run nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀. Bí amọ̀ bá fi díẹ̀ ju aró lọ, ó di eruku ọyẹ́. Bí funfun bá pọ̀ jù wọ́n lọ pátápátá, ó di òkè tó jìnnà réré. Gbogbo owúsúwusù Ede wà nínú àwọ̀ mẹ́ta yìí. Èyí tí a rò pé ó jẹ́ àìní, ìmọ̀ ni.

Ọ̀dà pupa aláwọ̀ amọ̀ tí mo ń lò yìí, àwọn òyìnbó ń pè é ní burnt sienna. Siena jẹ́ ìlú kan ní Ítálì. Amọ̀ ni, wọ́n wà á nílẹ̀, wọ́n sun ún nínú iná títí ó fi pọ́n sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn amọ̀kòkò wa ti ń sun ìkòkò. Amọ̀ Siena ti di orúkọ tí gbogbo ayé ń pè. Amọ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Ede kò ní orúkọ nínú ìwé kankan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ àwòrán. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa kò wo ilé, a kò sì sọ ọmọ lórúkọ.

Bí a ti ń ṣe é

Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní ṣókí, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, iwájú ni a ń parí sí. Ojú ọ̀run ni a ń kọ́kọ́ kùn. Kó tó gbẹ ni a óò ti fi ohun tó jìnnà jù sí i, kí etí rẹ̀ lè yọ́ mọ́ ojú ọ̀run. Funfun gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú àwọ̀ ibẹ̀. Bí a bá ti ń bọ̀ níwájú ni a óò máa dín funfun kù, tí a óò sì máa jẹ́ kí etí igi àti ilé mú. Dúdú tó dúdú jù, iwájú nìkan ni a ń lò ó sí, ó sì dára kó jẹ́ ibi kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi dúdú kún gbogbo ojú bébà kò ní rí ibi tí yóò ti gba owúsúwusù wọlé. Ọ̀gá mi a máa fi òwe sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ní ti ènìyàn inú àwòrán, ìlànà kan wà tó rọrùn. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí ẹni tó ń wò sì wà lórí ìdúró, orí gbogbo àgbà tó wà nínú àwòrán yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ìyẹn ibi tí ojú ẹni tó ń wò gùn dé. Ẹsẹ̀ wọn ni yóò máa gòkè bí wọ́n bá ti ń jìnnà sí i. Kò sí pé à ń ya imú, kò sí pé à ń ya ẹnu. Ìdúró àti ìrìn la ń yà: ọrùn tó nà nítorí ẹrù, èjìká tó tẹ̀ nítorí ọkọ́, agbádá tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn a máa parẹ́ díẹ̀ sínú eruku. Bí a bá fi pupa díẹ̀ sí gèlè obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, ojú yóò lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé a pè é.

Ṣé ohun àjèjì nìyí sí wa? Ọmọ Yorùbá tó wà níwájú ilé a máa fi ìrìn mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè kí ó tó rí ojú rẹ̀, a sì ti múra ìkíni sílẹ̀ fún un: bóyá ìdọ̀bálẹ̀ ni, bóyá ọwọ́ ni yóò jù sí i. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wíwò láti òkèèrè jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ilé wa.

Ọ̀rọ̀ wà, ẹni tí yóò sọ ọ́ ló kù

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú ohun tí a ní. Fún àkókò: ìdájí, àfẹ̀mọ́júmọ́, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Fún ojú ọjọ́: ìrì, kùrukùru, owúsúwusù, ọyẹ́, ìkúùkù. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà. Fún bí nǹkan ṣe hàn: kedere, bàìbàì, fírífírí. Fún àwọ̀ tó rẹlẹ̀: rúsúrúsú, ó ṣá, ó pa eérú. Ẹnu àwọn àgbà nílé ṣì kún fún irú wọn tí a kò tíì kọ sílẹ̀.

Ẹ wo aṣọ pẹ̀lú. Nínú aṣọ òkè, àlàárì ló pọ́n. Ẹtù dúdú bí aró, pẹ̀lú funfun wínníwínní bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Sányán, tí a fi òwú ara kòkòrò inú igbó hun, kò pọ́n, kò dúdú, kò sì funfun. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, ta ni àwọn àgbà pè ní baba nínú wọn? Sányán ni wọ́n pè ní baba aṣọ. Ẹni tó bá wá ń sọ fún mi pé Yorùbá kò mọ iyì àwọ̀ tútù, kó lọ bá àwọn tó sọ sányán ní baba jà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ àwòrán ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó jókòó sí etí oko ìyá àgbà rẹ̀, ó ń yà á ní àárọ̀ ọyẹ́. Ìyá àgbà béèrè pé, “Kí lò ń yà níbẹ̀ yẹn, ọkọ mi?” Ó ronú títí, ó ní, “Màmá, atmosphere ni.” Ìyá àgbà wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, “Ṣé ọyẹ́ ni wọ́n wá ń pè bẹ́ẹ̀ báyìí?” A rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ìyá àgbà ló ni oko, òun ló mọ ọjọ́ tí ọyẹ́ ń wọlé àti ọjọ́ tí ó ń kásẹ̀ nílẹ̀, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọmọ rẹ̀ ti sọ òun di àlejò nídìí oko ara rẹ̀.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bábátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Ní 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1990. Nípa iṣẹ́ wọn ni a fi ń sọ “fóníìmù” àti “ìṣọwọ́lò-èdè” ní kíláàsì lónìí láìwo ọ̀run. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀, kí ló dé tí àwa kò lè ṣe é fún iṣẹ́ àwòrán?

Èsì sí àwọn tí kò gbà

Àwọn kan yóò ní, “Òṣogbo ńkọ́?” Òṣogbo kò ju ọ̀nà díẹ̀ lọ sí Ede. Ibẹ̀ ni Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier ti dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn bíi Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh ti gbòde, pẹ̀lú àwọ̀ tó ń tàn yòò. Ayé yẹ́ wọn sí, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan kọ́ ni gbogbo Yorùbá. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kó tó di ará Òṣogbo, Ede ló ti pàdé Ajagẹmọ, àgbà olórìṣà Ọbàtálá, ẹni tó fi ọ̀nà òrìṣà hàn án. Òrìṣà aláṣọ funfun ni Ọbàtálá, ìtutù sì ni ti rẹ̀. Ede ti mọ iyì ìtutù tipẹ́tipẹ́.

Bákan náà, ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Filani, Bọ́lájí Campbell, Tọ́lá Wewe àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ifẹ̀ tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ wa “ọnà”. Òkédìjí lo amọ̀ ilẹ̀ wa bí ọ̀dà, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi amọ̀ Ede ya ọyẹ́ Ede kò dá ohun tuntun sílẹ̀. Ó ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn ìyá wa ni.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ta ni yóò rà á?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń ra àwòrán sí pálọ̀ a máa fẹ́ ohun tó tàn. Ọ̀gá mi náà mọ èyí. Pátákó ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọjà nìkan máa sọ fún wa ohun tó yẹ ní kíkọ́, ta nínú wa ni ì bá wà ní ẹ̀ka Yorùbá lónìí? A kò wá síbẹ̀ nítorí owó. A wá nítorí pé a mọ̀ pé ohun kan wà tí yóò ṣègbé bí a kò bá dì í mú.

Odò tí kò funfun mọ́

Mo fẹ́ fi ohun kan hàn yín tó ju ẹwà lọ. Odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn gba agbègbè wa ti yí àwọ̀ padà. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ènìyàn ti ń pariwo pé ìwakùsà góòlù ní ìhà Ìjẹ̀ṣà ń ba omi náà jẹ́. Ní 1922 kọ́ o. Ní 2022 ni, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi tí àwọn baba wọn ń mu fún ìwòsàn.

Gbogbo odò ló ń pọ́n nígbà òjò. Ẹni tí kò fojú kọ́ àwọ̀ lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó tì í nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó po amọ̀ mọ́ funfun láti wá àwọ̀ rẹ̀, yóò mọ̀ pé pupa àgbàrá yàtọ̀ sí pupa tó ń wà lójú omi nígbà tí òjò kankan kò rọ̀. Yóò lè yà á, yóò kọ ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì lè fi èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́ sọ ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀rí nìyẹn. Bí a kò bá ní ọ̀rọ̀ fún pupa méjì yìí, a ó kàn máa sọ pé “omi náà pọ́n” ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Àbá mi

Mo ní àbá mẹ́ta. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde nígbà ìsinmi, kí oníkálukú lọ bá àgbẹ̀, aláró, amọ̀kòkò àti ahunṣọ ní ìlú rẹ̀, kí ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ojú ọjọ́ tó bá gbọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Iṣẹ́ yìí kò gba owó, ìwé àti bírò ló gbà. Kí a sì tètè ṣe é, nítorí pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ń dàgbà lọ.

Èkejì, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ bá àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà sọ̀rọ̀, kí ẹ̀kọ́ kan wà tí a óò jọ máa ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àwòrán fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ọ̀dà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ní ọwọ́, àwa ní ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé ìròyìn yìí máa gbé àwòrán kan jáde lọ́dọọdún, àwòrán ìlú ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí àlàyé rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Bí a bá ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, a ó ní ìlú mẹ́wàá àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ yóò tún dé ní oṣù Kejìlá. Kò ní béèrè èdè tí a fẹ́ fi gbà á lálejò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó dọwọ́ gbogbo wa.